Ibi Tí Agbára Àsọtẹ́lẹ̀ Òjò Mọ

Ní oṣù Kẹta ọdọọdún, ìbéèrè kan ló máa ń gba ọkàn àgbẹ̀ láti Ìṣẹ́yìn dé Ṣakí, láti Ìlaròó dé Kétu: òjò tó rọ̀ lánàá yìí, ṣé òun náà ni? Ilẹ̀ ti tutù díẹ̀. Àgbàdo àti ẹ̀gúsí ti wà nílẹ̀ de gbígbìn. Bó bá gbìn tí òjò sì ń bá a lọ, òun ni yóò kọ́kọ́ gbé àgbàdo tútù dé ọjà nígbà tí owó rẹ̀ ṣì dára. Bó bá gbìn tí ojú ọ̀run sì gbẹ fún ọ̀sẹ̀ mẹ́ta, irúgbìn á hù, á rọ, á kú, owó irúgbìn àti owó alágbàṣe á sì wọlẹ̀. Rédíò ti sọ tirẹ̀. Fóònù ọmọ rẹ̀ sọ nǹkan mìíràn. Èwo ni kó gbọ́?

Ìbéèrè náà ṣòro ju bí a ṣe máa ń rò ó lọ, kì í sì í ṣe nítorí pé àwọn onímọ̀ ojú ọjọ́ kò mọ iṣẹ́ wọn. Àsọtẹ́lẹ̀ ní ibi tó lágbára dé, ó sì ní ibi tí kò lè kọjá, bó ti wù kí ẹ̀rọ pọ̀ tó. Ẹni tó bá mọ ààlà yẹn á rí àsọtẹ́lẹ̀ lò. Ohun tó ń dùn mí ni bí wọ́n ṣe ń gbé e fún aráàlú bí ẹni pé kò ní ààlà kankan.

Afẹ́fẹ́ méjì ló ń du ilẹ̀ wa mọ́ ara wọn lọ́wọ́. Ọ̀kan ń ti orí òkun bọ̀ láti gúúsù ìwọ̀ oòrùn, omi kún inú rẹ̀. Èkejì ni ọyẹ́, tó ń ti aginjù Sàhárà bọ̀ láti àríwá ìlà oòrùn, tó gbẹ, tó sì kún fún eruku. Ibi tí méjèèjì ti ń pàdé kì í dúró sójú kan. Ní oṣù Kíní ó máa ń sún mọ́ etí òkun, ìdí nìyẹn tí ọyẹ́ fi ń dé Ìbàdàn, tó sì ń dé Èkó nígbà mìíràn. Tó bá fi máa di oṣù Kẹjọ, ó ti lọ jìnnà sí àríwá, ó ti rékọjá Agadez ní orílẹ̀-èdè Niger. Òjò ń tẹ̀ lé e. Ìgbà tó ń gòkè lọ là ń rí òjò àkọ́rọ̀, ìgbà tó ń padà bọ̀ là ń rí àrọ̀kúrọ̀. Láàárín méjèèjì, láti ìparí oṣù Keje wọ oṣù Kẹjọ, òjò máa ń dá díẹ̀ lọ́dọ̀ wa ní gúúsù, èyí tí gbogbo ènìyàn ń pè ní August break. Lára ohun tó ń fà á ni pé omi òkun lẹ́bàá èbúté wa máa ń tutù ní àsìkò náà, nítorí omi tútù máa ń ti ìsàlẹ̀ gòkè wá. Afẹ́fẹ́ tó bá gba orí omi tútù kọjá kì í fẹ́ ga sókè, afẹ́fẹ́ tí kò bá sì ga sókè kò lè di òjò.

Kàlẹ́ńdà ni mo ṣẹ̀ṣẹ̀ sọ yẹn, ojú ọjọ́ kọ́. Ìlà tí afẹ́fẹ́ méjèèjì ti ń pàdé kì í rìn tààrà. Ó lè gòkè fún ọjọ́ mẹ́rin kí ọyẹ́ tún tì í padà sẹ́yìn, kó tún gòkè, kó tún padà. Nínú lílọ àti bíbọ̀ yìí ni òjò ẹlẹ́tàn ti ń wá, òjò oṣù Kejì tàbí oṣù Kẹta tó rọ̀ dáadáa ní ẹ̀ẹ̀kan tàbí ẹ̀ẹ̀mejì tí kò sì rẹ́ni tẹ̀ lé e. Ọ̀kan lára ìlànà tí àwọn onímọ̀ fi ń dá ìbẹ̀rẹ̀ òjò mọ̀ ni pé kí òjò tó tó mìlímítà 20 rọ̀ láàárín ọjọ́ méjì tàbí mẹ́ta, kí ọ̀dá ọjọ́ 10 má sì ṣẹlẹ̀ láàárín ọjọ́ 30 tó tẹ̀ lé e. Ẹ wo ìlànà náà dáadáa. Apá kìíní rẹ̀ ni àgbẹ̀ lè fojú rí. Apá kejì ṣì wà lọ́jọ́ iwájú. Ìyẹn ni pé ẹni tó bá fẹ́ mọ̀ dájú lónìí pé òjò ti bẹ̀rẹ̀ ní láti mọ ohun tí ojú ọ̀run yóò ṣe fún oṣù kan gbáko, kò sì sí ẹni náà láyé. Akẹ́kọ̀ọ́ yunifásítì tó ń ka àkọsílẹ̀ ọdún 1985 lónìí lè tọ́ka sí ọjọ́ tí òjò ọdún náà fẹsẹ̀ múlẹ̀. Àgbẹ̀ tó dúró sínú oko ní ọdún 1985 kò lè tọ́ka sí i.

Ìyàtọ̀ tó wà láàárín ohun tó sábà ń ṣẹlẹ̀ àti ohun tó lè ṣẹlẹ̀ lọ́jọ́ kan ti fi ojú Ìbàdàn rí màbo. Ọjọ́ 31 oṣù Kẹjọ, ọdún 1980, ni omíyalé Ògùnpa ṣẹlẹ̀. Ní ọjọ́ 26 oṣù Kẹjọ, ọdún 2011, òjò tó tó nǹkan bíi mìlímítà 187 rọ̀ láàárín wákàtí díẹ̀, ó ju èyí tí ìlú náà sábà máa ń rí ní gbogbo oṣù náà lọ. Omi gbé afárá, ó gbé ilé, ó lé ní ọgọ́rùn-ún ènìyàn tó bá a lọ. Oṣù Kẹjọ ni méjèèjì, oṣù tí a ń pè ní ìsinmi òjò. Mo mọ̀ pé pàǹtírí tó dí ojú odò àti ilé tí a kọ́ sí ipa omi dá kún un. Ṣùgbọ́n ẹni tó bá fi kàlẹ́ńdà dá ara rẹ̀ lójú pé oṣù Kẹjọ kì í ṣe oṣù omíyalé, odò Ògùnpa àti odò Ọ̀nà ti dá a lóhùn.

Báwo la ṣe ń mọ̀ bóyá àsọtẹ́lẹ̀ kan níye lórí? Ẹni tó bá jí lójoojúmọ́ ní oṣù Kíní ní Ọ̀yọ́ tó ń sọ pé òjò kò ní rọ̀ lónìí, òótọ́ ni yóò máa sọ láti ọjọ́ kìíní dé ọjọ́ ìkẹyìn àfi bóyá ọjọ́ kan. Kò fi hàn pé ó mọ nǹkan kan. Ní ọdún 1884, sójà ará Amẹ́ríkà kan tó ń jẹ́ John Park Finley gbé àsọtẹ́lẹ̀ tọ̀nédò jáde, ìyẹn ìjì líle tó ń yí bí òkòtó, ó sì jẹ́ kí gbogbo ayé mọ̀ pé ìdá 96.6 nínú 100 àsọtẹ́lẹ̀ òun ló tọ̀nà. Kò pẹ́ tí wọ́n fi ṣírò rẹ̀ padà: tó bá jẹ́ pé ojoojúmọ́ ló ń sọ pé tọ̀nédò kò ní jà, ìdá 98.2 ni ì bá gbà. Ọ̀rọ̀ yìí kàn wá nílé. Ẹni tó fẹ́ ṣe òwàǹbẹ̀ ní oṣù Kẹfà lè san owó fún ẹni tí yóò bá a dá òjò dúró. N kò fẹ́ bá ẹnikẹ́ni jà lórí ìgbàgbọ́ rẹ̀. Ohun tí mo fẹ́ kí ó ṣe ni kó kọ́kọ́ ka iye ọ̀sán Sátidé inú oṣù Kẹfà tí òjò kò rọ̀ ládùúgbò rẹ̀ nígbà tí ẹnikẹ́ni kò dá a dúró. Iye yẹn ni a ó fi wọn iṣẹ́ gbogbo alásọtẹ́lẹ̀, ìbáà jẹ́ adájò-dúró, ìbáà jẹ́ kọ̀ǹpútà olówó gọbọi.

Bí kọ̀ǹpútà ṣe wọ ọ̀rọ̀ náà ní ìtàn tirẹ̀. Nígbà Ogun Àgbáyé Kìíní, ọmọ ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì kan, Lewis Fry Richardson, tó ń wa ọkọ̀ tí wọ́n fi ń gbé àwọn tó fara gbọgbẹ́ ní ilẹ̀ Faransé, gbìyànjú láti fi ìṣirò nìkan sọ ohun tí ojú ọjọ́ yóò ṣe. Ó mú ọjọ́ kan tó ti kọjá, ọjọ́ 20 oṣù Karùn-ún, ọdún 1910, kó lè fi ìdáhùn rẹ̀ wé ohun tó ṣẹlẹ̀ ní tòótọ́. Ìṣirò rẹ̀ sọ pé ìwọ̀n bí afẹ́fẹ́ ṣe ń tẹ ilẹ̀ mọ́lẹ̀ yóò fi mílíbà 145 lọ sókè láàárín wákàtí mẹ́fà, ohun tí irú rẹ̀ kò ṣẹlẹ̀ rí láyé. Ní ọjọ́ náà gan-an, díẹ̀ báyìí ni ó yí padà. Richardson kò fi àṣìṣe náà pamọ́. Ó tẹ̀ ẹ́ jáde nínú ìwé rẹ̀ ní ọdún 1922, ó sì ní yóò gba ènìyàn 64,000 tí wọ́n ń ṣírò pọ̀ kí ìṣirò tó lè bá ojú ọjọ́ rìn ní ìdọ́gba. Ní ọdún 1950, kọ̀ǹpútà ENIAC ní Amẹ́ríkà ṣe àsọtẹ́lẹ̀ wákàtí 24, iṣẹ́ náà sì gbà á tó wákàtí 24. Láti ìgbà náà, ẹ̀rọ ń yára sí i lọ́dọọdún, ọ̀pọ̀ ènìyàn sì rò pé ọ̀rọ̀ ti yanjú, pé bí ẹ̀rọ bá ti yára tó, oṣù tó ń bọ̀ á di kedere bí ọ̀la.

Ohun tó já ìrètí yẹn ṣẹlẹ̀ ní ọdún 1961. Edward Lorenz, ní yunifásítì MIT, ní ojú ọjọ́ àtọwọ́dá kékeré kan nínú kọ̀ǹpútà rẹ̀. Lọ́jọ́ kan ó fẹ́ tún apá kan wò, ó sì tẹ nọ́ńbà tó wà lórí bébà padà sínú ẹ̀rọ: 0.506. Ó lọ mu kọfí. Nígbà tó padà dé, ojú ọjọ́ kejì kò jọ ti àkọ́kọ́ mọ́ rárá. Ẹ̀rọ kò bàjẹ́. Nọ́ńbà tó wà nínú ikùn ẹ̀rọ ni 0.506127, mẹ́ta àkọ́kọ́ nìkan ló ń tẹ̀ sórí bébà. Ìyàtọ̀ tí kò tó nǹkan yẹn ló dàgbà títí tó fi gbé gbogbo rẹ̀ mì. Lorenz kọ ọ́ jáde ní ọdún 1963, òun ló sì la ojú wa sí i pé ààlà àsọtẹ́lẹ̀ wà nínú afẹ́fẹ́ fúnra rẹ̀. Kò sí ẹ̀rọ tó lè wọn ooru gbogbo ibi lórí ilẹ̀ àti lójú sánmà láìṣì díẹ̀. Ṣíṣì kékeré náà á máa di ìlọ́po méjì láàárín ọjọ́ díẹ̀, títí àsọtẹ́lẹ̀ ọjọ́ kan pàtó kò fi ní sàn ju kéèyàn wo kàlẹ́ńdà lọ. Nǹkan bí ọ̀sẹ̀ méjì ni àwọn onímọ̀ ka ààlà yẹn sí. Nítorí náà, bí fóònù bá sọ fún yín lónìí pé òjò yóò rọ̀ ní aago mẹ́ta ọ̀sán ní ọjọ́ 25 sí i, ẹ má ṣe fi í ṣe ohunkóhun.

Láti ìgbà náà, àwọn ilé-iṣẹ́ ojú ọjọ́ ńlá ti fi àsọtẹ́lẹ̀ ẹyọ kan sílẹ̀. ECMWF, ibùdó tí àwọn orílẹ̀-èdè Yúróòpù jọ dá sílẹ̀ ní Reading ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ti ń ṣe é ní ọ̀pọ̀ láti ọdún 1992. Àádọ́ta ó lé ẹyọ kan ni wọ́n ń ṣe báyìí, wọ́n á yí ìbẹ̀rẹ̀ ọ̀kọ̀ọ̀kan padà díẹ̀, bí ọ̀rọ̀ 0.506 àti 0.506127. Bí 45 nínú 51 bá sọ pé òjò yóò rọ̀ lọ́la, ọ̀rọ̀ ti fẹ́rẹ̀ẹ́ dájú. Bí ó bá jẹ́ 20 ló sọ bẹ́ẹ̀, ọ̀rọ̀ kò tíì dájú, wọ́n á sì sọ fún wa pé bóyá ni, ìdá 40 nínú 100. Wọ́n á tún gbogbo rẹ̀ ṣe lẹ́yìn wákàtí mẹ́fà. Bí òní ṣe rí, ọ̀la kì í rí bẹ́ẹ̀, ló ń mú babaláwo dífá ọrọọrún. Àwọn baba wa mọ̀ pé ọ̀rọ̀ ọ̀la kì í ṣe ohun tí à ń bi léèrè lẹ́ẹ̀kan tán.

Ìdá 40 nínú 100 kì í ṣe ọgbọ́n àtisá lọ. Ó ṣeé yẹ̀ wò. A ó kó gbogbo ọjọ́ tí wọ́n sọ ìdá 40 jọ, a ó wo iye tí òjò rọ̀ nínú wọn. Bó bá jẹ́ mẹ́rin nínú mẹ́wàá, alásọtẹ́lẹ̀ náà mọ iṣẹ́ rẹ̀. Ẹ ò lè fi ọjọ́ kan ṣoṣo dá a lẹ́jọ́.

Níbí yìí ni mo fẹ́ kí a ti sọ òótọ́ tó korò nípa ilẹ̀ tiwa. Ìlọsíwájú tí wọ́n ń ròyìn rẹ̀, pé àsọtẹ́lẹ̀ ń fi bí ọjọ́ kan gùn sí i láàárín ọdún mẹ́wàá mẹ́wàá, ti Yúróòpù àti Amẹ́ríkà ni jù. Òjò tiwọn sábà máa ń wá láti inú ìjì ràbàtà tó fẹ̀ tó ẹgbẹ̀rún kìlómítà, tí ẹ̀rọ lè rí láti òkèèrè. Tiwa ń hù láti inú ooru ilẹ̀ lọ́sàn-án. Ẹ gbé omi àmàlà kaná: ẹ mọ̀ dájú pé yóò hó, ẹ lè sọ ìgbà tí yóò hó, ṣùgbọ́n ẹ kò lè fi ìka tọ́ka sí ibi tí èéhó àkọ́kọ́ yóò ti yọ. Bẹ́ẹ̀ ni òjò ọ̀sán oṣù Karùn-ún ṣe ń rọ̀ ní Mọ́kọ́lá nílùú Ìbàdàn tí Mọ́níyà gbẹ táútáú. Kọ̀ǹpútà ń pín ayé sí àpótí àpótí, àpótí èyí tó ń wo gbogbo ayé sì sábà ń tó bíi kìlómítà 9 ní ẹ̀gbẹ́ kan, tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ìkùukùu tó kéré ju àpótí lọ, ṣe ni ẹ̀rọ ń fojú bù ú. Ní ọdún 2018, àwọn onímọ̀ tó ń bá yunifásítì Karlsruhe ní Jámánì ṣiṣẹ́ tẹ ìwádìí kan jáde. Wọ́n kó àsọtẹ́lẹ̀ òjò ti ilé-iṣẹ́ àgbáyé mẹ́sàn-án lórí ìhà wa ní Áfíríkà jọ, láti ọdún 2007 dé 2014, wọ́n sì fi wọ́n wé kéèyàn kàn sọ ohun tó sábà ń ṣẹlẹ̀ ní irú ọjọ́ náà lọ́dọọdún. Àwọn àsọtẹ́lẹ̀ náà kò fi bẹ́ẹ̀ sàn jù ú lọ, àwọn mìíràn kò tilẹ̀ tó o. Ibẹ̀ ni fóònù yín ti ń mú àwòrán ìkùukùu kékeré tó ń fi hàn yín.

Irú òjò kan wà tó rọrùn díẹ̀. Ìjì ńlá tó ń tò ní ìlà, tó sábà ń bẹ̀rẹ̀ lórí ilẹ̀ gíga bíi ti Jos, máa ń ti ìlà oòrùn wá sí ìwọ̀ oòrùn ní nǹkan bí 50 kìlómítà láàárín wákàtí kan. Àwọn àgbà tó bá rí ojú ọ̀run tó dúdú ní ìlà oòrùn, tí atẹ́gùn tútù sì fẹ́ lójijì, máa ń pe àwọn ọmọ wọlé. Òótọ́ ni wọ́n rí. Sátẹ́láìtì Meteosat, tó so rọ̀ sókè bíi 36,000 kìlómítà lórí omi òkun gúúsù wa níbi tí ìlà ìdajì ayé gbà kọjá, ń ya àwòrán irú ìjì bẹ́ẹ̀ ní ìṣẹ́jú 15 síra tàbí kó má tó bẹ́ẹ̀. Ìjì tó wà lókè Lọ́kọ́ja nírọ̀lẹ́ ṣeé kìlọ̀ rẹ̀ fún ará Ìbàdàn kí ilẹ̀ tó mọ́. Ìkìlọ̀ wákàtí mẹ́fà péye ju ti ọjọ́ mẹ́fà lọ fíìfíì, mo sì gbà pé òun ló yẹ kí ìjọba ná owó lé lórí jù.

Apá kan nínú àìlera wa kì í ṣe àmúwá afẹ́fẹ́. Ojú tí a fi ń wo ojú ọ̀run kò tó. Àjọ ojú ọjọ́ àgbáyé, WMO, ti sọ pé iye ibùdó ìwọn-ojú-ọjọ́ tó wà ní Áfíríkà jẹ́ ìdá kan nínú mẹ́jọ iye tó kéré jù tí ó yẹ kó wà. Ní oṣù Kẹfà àti oṣù Keje ọdún 2016, àwọn onímọ̀ láti Áfíríkà àti Yúróòpù dá ibùdó mẹ́ta sílẹ̀ fún iṣẹ́ ìwádìí DACCIWA: ọ̀kan ní Kumasi, ọ̀kan ní Ṣábẹ ní Benin, ọ̀kan ní Ilé-Ifẹ̀. Wọ́n ń ju bàlúùnù sókè lóru àti lọ́sàn-án, ọkọ̀ òfuurufú mẹ́ta sì ń gbéra láti Lomé. Ọ̀kan lára ohun tí wọ́n wá wò ni ìkùukùu tó ń rọra dì nísàlẹ̀ lóru, tó ń bo oòrùn àárọ̀ mọ́lẹ̀ ní àsìkò òjò, tí kọ̀ǹpútà kì í rí dáadáa. Gbogbo wa mọ àárọ̀ tó ṣú dùdù bẹ́ẹ̀ ní oṣù Keje. Bó bá tètè ká, ilẹ̀ á gbóná, òjò lè wá lọ́sàn-án. Bó bá pẹ́ kó tó ká, bóyá ni. Ohun tó ń ṣẹlẹ̀ lókè orí wa lójoojúmọ́ ni, ọdún 2016 la ṣẹ̀ṣẹ̀ wá ń fi irú ẹ̀rọ bẹ́ẹ̀ wò ó, fún ọ̀sẹ̀ díẹ̀ péré.

Àsọtẹ́lẹ̀ ọdún tí NiMet, àjọ ojú ọjọ́ Nàìjíríà, máa ń gbé jáde ní ìbẹ̀rẹ̀ ọdún yàtọ̀ sí ti ọjọ́, ó sì yẹ kí a gbọ́ ọ lọ́nà mìíràn. Ìgbóná omi òkun, pàápàá ti òkun Pàsífíìkì tó jìnnà réré, ló ń tì í lẹ́yìn, nítorí omi òkun kì í yára yí padà. Ó lè sọ bóyá òjò ọdún yóò pọ̀ tàbí yóò tètè dé ju bó ṣe sábà ń rí lọ. Kò lè sọ bí òjò náà yóò ṣe pín. Ọdún lè ní òjò tó pé pérépéré kí ọ̀dá ọ̀sẹ̀ méjì sì bọ́ sí ìgbà tí àgbàdo ń yọ irùkẹ̀rẹ̀, kí ọmọ rẹ̀ má gbó. Àkọsílẹ̀ ọdún á sọ pé òjò tó. Àgbàdo kò tó.

Láàárín ọ́fíìsì àwọn onímọ̀ àti etí àgbẹ̀ ni ohun tó ṣe pàtàkì jù ti ń sọnù. Ìdá 40 nínú 100 á wọ ilé-iṣẹ́ rédíò, á jáde gẹ́gẹ́ bí "òjò yóò rọ̀ lọ́la". Ọjọ́ 28 oṣù Kẹta tó jẹ́ àárín gbùngbùn ìgbà tí òjò lè bẹ̀rẹ̀ á di ọjọ́ tí òjò yóò bẹ̀rẹ̀. Nígbà tí òjò kò bá rọ̀, wọ́n á ní irọ́ ni NiMet ń pa, lọ́dún tó bá sì tọ̀nà, kò sẹ́ni tí yóò gbọ́ mọ́. Ẹ̀yin oníròyìn tó ń ka ìròyìn ojú ọjọ́ lédè Yorùbá, mo bẹ̀ yín, ẹ ka nọ́ńbà náà jáde. Ẹ sọ aago tí wọ́n ṣe àsọtẹ́lẹ̀ náà. Ẹni tó ń ta ọjà mọ ohun tí bóyá jẹ́. Ẹni tó ń dáko mọ̀ ọ́n jù.

Àgbẹ̀ tó gbọ́ pé bóyá ni á mọ ohun tí yóò ṣe: yóò gbin ìdá kan nínú mẹ́ta oko rẹ̀ sórí òjò àkọ́kọ́, yóò dúró díẹ̀ kó tó gbin ìyókù. Ọ̀pọ̀ nínú àwọn baba wa ló ń ṣe bẹ́ẹ̀ láìsí rédíò.

Ohun kan wà tí ẹ̀yin fúnra yín lè ṣe láti òní lọ. Ẹ wá ike tí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ gún láti òkè dé ìsàlẹ̀, ẹ gbé e sí gbangba tó jìnnà sí igi àti òrùlé, ẹ dè é mọ́ igi kékeré kí atẹ́gùn má baà dà á nù. Ní aago mẹ́sàn-án àárọ̀ lójoojúmọ́, ẹ fi rúlà wọn omi inú rẹ̀ ní mìlímítà, ẹ kọ ọ́ sínú ìwé pẹ̀lú ọjọ́, ẹ sì da omi náà nù. Ọjọ́ tí òjò kò bá rọ̀, ẹ kọ òdo. Ẹ má fo ọjọ́ kankan. Àkọsílẹ̀ ọdún mẹ́wàá láti oko kan ṣoṣo ní Ìgbòho tàbí Kétu, kò sí kọ̀ǹpútà kan ní Yúróòpù tàbí ní Àbújá tó ní irú rẹ̀.